Àpò Yanrìn Ìlú Ọwọ́mọ́

  Ìdánwò ìparí sáà ti ń kanlẹ̀kùn, a sì mọ̀ pé kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ gígùn wù létí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a gbé wá yìí, lórí ìdánwò náà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi bébà àti bírò ṣe.

Àwa tí a ń gbé Àbújá mọ̀ pé ìlú àwọn ènìyàn iyì ni a wà. Ẹ lọ wo ìlú ní ọ̀sán Jímọ̀, kí ẹ tún lọ wò ó ní òwúrọ̀ Àìkú. Aṣọ funfun á máa tàn yòò, ọkọ̀ dúdú á tò lọ bí èèrùn, mọ́ṣáláṣí á kún, ṣọ́ọ̀ṣì á kún. Kò sí ẹni tó ń jalè ní Àbújá. Bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni léèrè, yóò sọ fún yín pé òótọ́ ni, àwọn kan wà tí wọ́n ń jalè, ṣùgbọ́n òun kò mọ̀ wọ́n, wọn kò sì sí ní àdúgbò òun.

Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tuntun fún ìwà tuntun ni wọ́n pe ìlú yìí. Ní ọdún 1975, ìjọba Murtala Mohammed yan ìgbìmọ̀ kan tí Adájọ́ Akínọlá Àgùdà, ọmọ Yorùbá bí tiwa, jẹ́ alága rẹ̀, pé kí wọ́n wò ó bóyá ó yẹ kí olú-ìlú kúrò ní Èkó. Oṣù kejì ọdún 1976 ni òfin jáde, ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba sì kó ẹrù rẹ̀ dé. Wọ́n ní ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹnìkan ni, kí ẹnikẹ́ni má baà lè sọ pé òun ni onílé. (Àwọn Gbágyi tí wọ́n ti ń dáko níbẹ̀ kí òfin tó dé yóò ní ọ̀rọ̀ sọ sí èyí, ṣùgbọ́n ta ni ó bi wọ́n?) Èkó ti bàjẹ́, Àbújá yóò mọ́. A kò rò pé ẹni tó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe ẹ̀tàn. Ó gbà á gbọ́ ni.

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa ń múra Ọjọ́ Àṣà ọdún tó kọjá, àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ lórí eré tí a ó ṣe. Àwọn kan ní Ṣaworoidẹ ni. Ta ni kò mọ Ṣaworoidẹ, fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe ní ọdún 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ? Lápité fẹ́ jọba ní ìlú Jogbo, kò sì fẹ́ jẹ ẹ̀jẹ́ tí àwọn ọba ibẹ̀ ń jẹ kí ọwọ́ rẹ̀ lè ráyè wọnú owó àwọn agégẹdú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Lágàta, ọ̀gá ṣọ́jà, fi ipá gba adé, tí ìlù dún, tí orí fọ́ ọ títí ó fi kú. Eré gidi ni. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé gbogbo èrò inú gbọ̀ngàn ni yóò máa sọ ọ̀rọ̀ náà ṣíwájú òṣèré. Ìṣòro kejì, èyí tó dùn wá jù, ni pé ó rọrùn láti wo Jogbo kí a máa bú ọba. Kò sí ẹni tó jẹ́ ọba nínú wa. A ó bú Lápité tán, a ó pàtẹ́wọ́, oníkálukú á sì padà sí yàrá rẹ̀ ní ẹni mímọ́.

Ìgbà náà ni ọ̀kan nínú wa, tó ń kọ́ nípa lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú ìtàn kan wá. Mark Twain ará Amẹ́ríkà ló kọ ọ́, ó sì kọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Harper's ní oṣù kejìlá ọdún 1899. Ìlú kékeré kan wà tó ń jẹ́ Hadleyburg. Kò sí ìlú tó lóòótọ́ tó o ní gbogbo agbègbè. Láti orí ẹní ìkókó ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ níbẹ̀ pé kó má fọwọ́ kan ohun olóhun, wọ́n sì rí i dájú pé ohun olóhun kò sún mọ́ ọ rárá, kó má baà ronú kàn án. Ọ̀kan péré nínú àwọn ará ìlú, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Goodson, ni kò gbà wọ́n gbọ́, ó sì ti kú.

Ìlú yìí ṣẹ àlejò kan. Àlejò náà kò jà. Ó lọ, ó ronú, ó padà wá lóru, ó gbé àpò wúwo kan sí ilé akápò báńkì, ó fi ìwé sílẹ̀. Ìwé náà sọ pé wúrà tó tó 40,000 dọ́là ló wà nínú àpò. Ó ní nígbà kan rí tí òun jẹ́ aláìní ní ìlú yìí, ẹnìkan fún òun ní 20 dọ́là, ó sì fi gbólóhùn ìmọ̀ràn kan lé e. Ẹni tó bá lè sọ gbólóhùn náà, kó wá gba wúrà. Gbogbo ìlú mọ̀ pé Goodson nìkan ni irú ẹni tó lè fi 20 dọ́là ta àlejò lọ́rẹ. Òkú kò sì lè wá gba wúrà.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, lẹ́tà dé fún akápò. Ẹni tó kọ ọ́ ní òun wà níbẹ̀ nígbà náà, gbólóhùn náà rèé, ó sì dà bí ẹni pé Goodson ti sọ fún òun rí pé akápò ṣe òun ní oore ńlá kan. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun ló tọ́ sí. Akápò jókòó, ó ń wá oore náà nínú orí rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ó ti rí i! Ohun tí kò mọ̀ ni pé gbajúmọ̀ 19 ló wà ní ìlú náà, lẹ́tà 19 ni àlejò kọ, gbajúmọ̀ 19 sì ni kò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Níwájú gbogbo ìlú ni wọ́n ti ka ìwé tí wọ́n kọ wá, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, gbólóhùn kan náà. Òjé tí wọ́n fi omi wúrà kùn ló wà nínú àpò. Ti akápò nìkan ni wọn kò kà, torí pé ẹni tó ń ka ìwé náà jẹ ẹ́ ní oore àtijọ́. Ìlú pàtẹ́wọ́ fún un gẹ́gẹ́ bí olóòótọ́ kan ṣoṣo tó kù, ìpàtẹ́wọ́ náà ló sì pa òun àti ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rù ló pa wọ́n. Ìlú náà yí orúkọ padà lẹ́yìn èyí.

Nígbà tí a gbọ́ ìtàn náà tán, gbogbo yàrá dákẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ mú wa ni pé kò sí olè kankan nínú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí Lápité. Tọkọtaya àgbàlagbà méjì ni, wọ́n pa àtùpà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lóhùn ìsàlẹ̀ lórí owó tí kì í ṣe tiwọn. Ta ni kò mọ irú ohùn bẹ́ẹ̀? A ti gbọ́ ọ láti yàrá kejì nígbà tí a wà ní kékeré, ní òru tí àwọn òbí wa rò pé a ti sùn.

Bí ẹnìkan bá ní àròsọ òyìnbó lásán ni, kó rántí oṣù kẹrin ọdún 2017. Àwọn EFCC wọ ilé kan ní Ìkòyí, l'Ékòó, wọ́n bá owó tó lé ní mílíọ̀nù 43 dọ́là níbẹ̀, 27,800 pọ́n-ùn, àti náírà tó lé ní mílíọ̀nù 23. Wọ́n ta wọ́n lólobó ni. Oṣù kejìlá ọdún 2016 ni ìjọba ti gbé ètò kan jáde pé ẹni tó bá tú àṣírí owó tí wọ́n jí kó pamọ́ yóò gba nǹkan bí ìdá 2.5 sí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n bá rí gbà padà. Ẹ ò rí i pé ìjọba fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òtítọ́ ń fẹ́ owó ọkọ̀! Kì í ṣe owó náà ló jọ ti Hadleyburg lójú wa, àwọn tó ń bọ̀ wá jẹ́ olówó rẹ̀ ni. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Rivers ní tiwọn ni. Ìròyìn ní iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ NIA náà ní tiwọn ni. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ilé-ẹjọ́ ní kí gbogbo rẹ̀ di ti ìjọba àpapọ̀. Òjé tilẹ̀ kọ́ nìyẹn o, owó gidi ni.

Ní oṣù kejì ọdún 2018, ọ̀rọ̀ gba ìgboro pé mílíọ̀nù 36 náírà pòórá ní ọ́fíìsì JAMB ní Makurdi, wọ́n ní ejò ló gbé e mì. JAMB yìí kan náà, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Bwari níhìn-ín, ló dán gbogbo wa wò kí a tó wọlé. Ẹni tí wọ́n ní ó sọ̀rọ̀ ejò ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀, àwa kì í sì í ṣe adájọ́. Ejò nìkan ni kò rí ẹni gbẹnu sọ fún un. Oṣù yẹn gan-an, ní ọjọ́ 17, ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá dágbére fáyé. A máa ń rò ó pé bí ó bá fi ejò bẹ́ẹ̀ sí Jogbo, àwọn olùkọ́ wa á ní àsọdùn ni.

A gbà láti ṣe ìtàn Twain ní èdè Yorùbá. Iṣẹ́ ńlá ni. Ìyípadà àkọ́kọ́ ni orúkọ. A sọ ìlú wa ní Ọwọ́mọ́, gbogbo ọmọ ibẹ̀ a sì máa nawọ́ sókè kí wọ́n tó kíni, kí ayé lè rí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Akápò báńkì di Bàbá Akápò, ẹni tó ń tọ́jú owó ìdàgbàsókè ìlú, tó tún jẹ́ alága ìkórè. Ìyàwó rẹ̀ ni Ìyá Akápò. Dọ́là 20 di owó ọkọ̀. Nígbà tí a dé ìparí, níbi tí ìlú ti ń yí orúkọ padà, a kò mọ ohun tí a ó ṣe, àfi ìgbà tí ẹni tó ń kun pátákó fún wa kọ orúkọ ìlú, tí kò fi àmì sí abẹ́ fáwẹ̀lì méjì àkọ́kọ́. Ọwọ́mọ́ di Owómọ́. A wò ó, a bú sẹ́rìn-ín, a ní kó má fọwọ́ kàn án mọ́.

Ohun tó ṣòro jù ni ọ̀rọ̀ ìdẹwò. Twain gbà pé ìwà tí a kò dán wò rí, ìwà kọ́ ni. Àwọn kan nínú wa ní Yorùbá ti mọ èyí tipẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn baba wa kì í fi ẹnu lásán gba àgbà ìlú gbọ́: irin ni wọ́n ń gé jẹ, èèwọ̀ ni wọ́n ń jẹ́jẹ̀ẹ́ lé lórí. Kèlání àti Ìṣọ̀lá tún padà sí Jogbo ní ọdún 2002 nínú Agogo Èèwọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà, ìbúra àwọn ìjòyè. Ẹlòmíràn ní rárá, ẹni tó jẹ́ olóòótọ́ torí pé orí yóò fọ́ ọ, ẹ̀rù ló ń bà á, kì í ṣe òótọ́ ló ní. Ìwé Òfin ọdún 1999 ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba kéde ohun ìní rẹ̀, kó sì búra. Wọ́n ń kéde, wọ́n ń búra, orí kò sì fọ́ ẹnikẹ́ni. A kò parí ìjà náà títí di òní. Àwa tí a ń ṣe ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tí a mọ ohun tí gbogbo ọgbà ń pè ní "sorting", kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá ń lò fún kíláàsì àti fún Èṣù.

Ibi tí a dé nìyí nígbà tí bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ wa ránṣẹ́ sí wa.

A kò ní dárúkọ wọn. Ènìyàn dáadáa ni wọ́n. Ọdọọdún ni wọ́n ń san owó gbọ̀ngàn àti àga fún wa, wọ́n ti san owó ilé-ìwé fún ju ẹnìkan lọ nínú wa. A lọ sí ilé wọn nínú ìlú, a dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, wọ́n fún wa ní oúnjẹ. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé eré wa dára. Wọ́n ní ẹnìkan ti sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn, àwọn sì rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ mi," wọ́n ní, "àwọn àgbà ìlú ni yóò jókòó níwájú. Ibi tí ẹ ti ń ka lẹ́tà yẹn, tí alága ìkórè ń gbọ̀n, ṣé kò ní dà bí ẹni pé ẹ ń bú ẹnìkan? Ẹ kàn fò ó." Wọ́n mu omi. Wọ́n bi wá léèrè bí ọ̀nà Gwagwalada ṣe rí. Wọ́n ní àwọn ti ń rò ó láti ọjọ́ pípẹ́ pé ó yẹ kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní bọ́ọ̀sì tirẹ̀, elérò 18.

Ẹ kíyè sí i, wọn kò so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Omi ni wọ́n mu sáàárín.

Òru ọjọ́ náà ni a ṣe ìpàdé. Àwa ìgbìmọ̀ 13 la jókòó. Bí ẹ bá rò pé gbogbo wa dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé a kò gbà, ẹ kò tíì wọ ọkọ̀ láti inú ìlú wá sí Gwagwalada lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin wa ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn "one chance" rí lójú ọ̀nà náà. Wọ́n gba fóònù rẹ̀, wọ́n gba owó rẹ̀, wọ́n tì í sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń sáré. Ó ní, "Lẹ́tà yín, bébà ni. Ẹ̀mí ni bọ́ọ̀sì." Kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn. Ẹlòmíràn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni a ó gé kúrò nínú eré wákàtí méjì. Ẹlòmíràn ní bàbá kò tilẹ̀ sọ pé ó jẹ́ dandan, àwa ni a fẹ́ fi ojú burúkú wo oore. Ẹlòmíràn ní a lè ka lẹ́tà náà, kí a má gbé makirofóònù síbẹ̀.

Ẹni tó ń ṣe Ìyá Akápò kò tíì sọ̀rọ̀. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín. A ní kí ló dé. Ó ní láti nǹkan bí wákàtí kan, òun ń gbọ́ ọ̀rọ̀ òun lẹ́nu wa. Ó ṣí ìwé eré, ó kà á sí wa létí, ojú-ewé kejì, ibi tí òun àti ọkọ òun ti ń wádìí bí owó náà ṣe lè jẹ́ tiwọn láìjẹ́ olè. Kò ju gbólóhùn mẹ́rin lọ tí a kò tíì sọ nínú rẹ̀.

Ẹnìkan wá rántí Ògúńdé. Ní ọdún 1964 tó ṣe Yorùbá Ronú, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ eré rẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà, ọdún 1966 tí ṣọ́jà dé ni wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ọkùnrin náà kò yọ ìran kankan. Ó tún ṣe òmíràn, ó pè é ní Òtítọ́ Korò. Ọmọbìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní Ògúńdé ní bọ́ọ̀sì tirẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí àwọn yàrá kejì fi ń kan ògiri.

A dìbò ní nǹkan bí aago méjì òru. Méje ní kí a ka lẹ́tà, mẹ́fà ní kí a fò ó. Kò sí ohun tí a lè fi yangàn nínú méje sí mẹ́fà. A kọ lẹ́tà sí bàbá, a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, a ní ìtàn náà kò ní dúró láìsí ibẹ̀, pé ará Amẹ́ríkà tó ti kú tipẹ́ ló kọ ọ́, kò mọ ẹnikẹ́ni ní Àbújá. Wọn kò fèsì. Owó gbọ̀ngàn kò wá lọ́dún náà. A dá a láàárín ara wa, a sì jókòó sórí bẹ́ńṣì.

Ọjọ́ eré pé, bàbá wá! Wọ́n jókòó níwájú, wọ́n sì rẹ́rìn-ín ju gbogbo ènìyàn lọ, pàápàá níbi lẹ́tà kẹrin. Ohun tí a kò retí ni ó tẹ̀lé e. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àgbà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ránṣẹ́ sí wa, mẹ́rin tí a kò mọ ilé wọn, pé àwọn mọ̀ pé àwọn ni a fi ṣe Bàbá Akápò. Ọ̀kan ní fìlà rẹ̀ gan-an ni a dé. Ọ̀kan fẹ́ mọ ẹni tó sọ fún wa nípa owó ìkórè. A fèsì fún gbogbo wọn pé ọdún 1899 ni. Bàbá ìsàlẹ̀ nìkan ni kò fẹ̀sùn kàn wá. Bọ́ọ̀sì náà kò sì dé. Ọmọbìnrin yẹn ṣì máa ń bi wá, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú tí a wà ní ibùdókọ̀, pé ibo ni a páàkì rẹ̀ sí.

Àpò tí a lò fún eré, yanrìn ẹ̀yìn ọ́sítẹ́ẹ̀lì ni a kún inú rẹ̀. Ó wúwo, kò sí ẹni tó fẹ́ gbé e padà, a fi í sílẹ̀ sẹ́yìn pèpéle. Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn bi wá pé kí ló wà nínú rẹ̀. A ní yanrìn ni. Ó ní òun náà wo eré, òun mọ̀ pé yanrìn ni. Nígbà tí a fi máa padà débẹ̀ nírọ̀lẹ́ láti wá kó ẹrù, ẹnìkan ti tú okùn ẹnu rẹ̀, yanrìn sì dà sílẹ̀ dé ìdí ilẹ̀kùn.